Ta ló ti kó ẹ́ńjìnnì dísù ọkọ̀ akẹ́rù sínú jíìpù àtijọ́ rí?

Jíìpù60

Ẹ kú ilé o. Toyota Land Cruiser FJ60 kan wà lọ́wọ́ mi. Ṣáàsí rẹ̀ le, ìpẹtà kò tíì ráyè sí bọ́dì rẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti rẹ ẹ́ńjìnnì 2F inú rẹ̀ pátápátá: ó ń jó ọ́ìlì, kò lè gun òkè bó ṣe yẹ mọ́, bẹ́ẹ̀ bẹntiróòlù tó ń mu kò dín kù. Àpótí gíá H42 oníipò mẹ́rin ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ti rí ẹ́ńjìnnì Isuzu 4BD1T tí wọ́n yọ lára akẹ́rù NPR. Ó pé: tọ́bò, pọ́ńpù epo, sítátà, fúláíwíìlì. Ẹlòmíràn tún fi Cummins 4BT lọ̀ mí. Gbogbo fídíò tí mo wò ló parí síbi tí wọ́n ti fi ẹ̀wọ̀n sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, tí gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ohun tó kàn lẹ́yìn àtẹ́wọ́ yẹn ni mo ń wá. Èwo ni kí n mú nínú méjèèjì? Kí sì ni èèyàn kì í rántí títí iṣẹ́ á fi wọra?

Dísùlọba

4BT, kò tún sí àròjinlẹ̀ níbẹ̀. Lítà 3.9, sílíńdà mẹ́rin, ipá ìyípo rẹ̀ sún mọ́ 360 Nm níbi tí 2F tìrẹ ti ń fúnni ní nǹkan bí 270. Àbúrò 6BT lítà 5.9 ni, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi sínú Dodge Ram ní 1989, nítorí náà písítìnnì, fáàfù àti ọ̀pọ̀ nǹkan inú rẹ̀ bára mu. Bí pọ́ńpù epo Bosch VE bá wà lára rẹ̀, wáyà kan ṣoṣo ló fẹ́ kó lè ṣiṣẹ́. Kò sí kọ̀ǹpútà, kò sí ẹ̀rọ tó ń fura sí ẹ̀rọ. Àwọn tó ń ṣe páálí irin àsopọ̀ láàárín rẹ̀ àti oríṣiríṣi àpótí gíá sì pọ̀.

ÀgbàSípánà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, orí ẹ́ńjìnnì lẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí. Orí táyà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí.

Ẹ́ńjìnnì akẹ́rù kì í yípo kíákíá. Ní nǹkan bí ìyípo 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, 4BT ti fún ọ ní gbogbo agbára ẹṣin 105 rẹ̀, kò tún ní nǹkan míì lápò. 4BD1T lè dé 3,000. 2F tó o fẹ́ yọ yẹn ń kọjá méjèèjì láìráhùn. Bó o bá kàn yọ ọ̀kan tó o sì sọ èkejì sípò rẹ̀ láìwo gíá àti dífù (àpótí gíá àárín ákísù), jíìpù rẹ á máa fa òkè bó ṣe wù ọ́, ṣùgbọ́n tó bá dé títì gbọọrọ, ìyà ni. Sọ fún mi: nọ́ńbà wo ló wà lórí dífù rẹ, báwo ni táyà rẹ sì ṣe ga tó? Kí a gbọ́ méjèèjì ná kí a tó dá sí ọ̀rọ̀ Isuzu àti Cummins.

Jíìpù60

Ẹ ṣé, bàbá. Dífù 3.70. Táyà ínǹṣì 31. Mo fẹ́ lè máa lọ ní kìlómítà 100 ní wákàtí láìjẹ́ pé mo ń pariwo bá ẹni tó jókòó tì mí sọ̀rọ̀.

ÀgbàSípánà

Ó dáa. Táyà ínǹṣì 31 ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 79. Bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó ti lọ mítà 2.47. Kìlómítà 100 ní wákàtí jẹ́ mítà 1,667 ní ìṣẹ́jú kan, torí náà táyà rẹ á yí nígbà 674 nínú ìṣẹ́jú yẹn. Fi 3.70 sọ ọ́ di púpọ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,500. Gíá kẹrin H42 kì í fi kún un, kì í yọ kúrò nínú rẹ̀, torí náà iye yẹn gan-an ni ẹ́ńjìnnì á máa yí.

4BT ti dé òpin èémí rẹ̀ níbẹ̀ yẹn. 4BD1T ṣì ní ìwọ̀nba àyè. Bí dífù bá jẹ́ 4.11, bí ọ̀pọ̀ jíìpù ṣe ní in, iye yẹn á di 2,770, kí á má tilẹ̀ dárúkọ 4BT níbẹ̀ mọ́.

Wàyí o, àpótí gíá H55F oníipò márùn-ún wà, Toyota ló ṣe é fún irú ọkọ̀ yìí. Gíá karùn-ún rẹ̀ jẹ́ 0.845. Fi ìyẹn sí i, 2,500 á wálẹ̀ sí nǹkan bí 2,100. Ibẹ̀ gan-an ni irú ẹ́ńjìnnì báyìí ti ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Kí o tó na owó sórí ẹ́ńjìnnì, mọ ibi tí H55F á ti wá. Bí kò bá sí, táyà gíga díẹ̀ tàbí eyín dífù míì ló kù, àwọn yẹn náà sì ní wàhálà tiwọn.

2FṢìWà

Ẹ jẹ́ kí n ba àríyá yín jẹ́ díẹ̀. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ pé kó tún 2F ṣe? Ẹ́ńjìnnì tó ti wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀ ni, síìtì tó fi jókòó lórí ṣáàsí bá a mu, kílọ́ọ̀ṣì bá a mu, kò sí ohun tí wọ́n ń jó mọ́ ara wọn. Bó bá sì jẹ́ pé dísù ni dandan, Toyota fúnra rẹ̀ ti fi dísù sínú bọ́dì yìí: HJ60 gba 2H lítà 4.0, HJ61 gba 12H-T onítọ́bò. Sílíńdà mẹ́fà ni méjèèjì, wọn kì í gbọ̀n bíi ti oní-mẹ́rin. Bó o bá rí HJ60 tí bọ́dì rẹ̀ ti jẹrà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì dára, gbogbo ohun tó o nílò wà lára rẹ̀, títí dé orí rédíétọ̀ àti wáyà.

Ẹsẹ̀Mẹ́rin

Òótọ́ kún ọ̀rọ̀ 2FṢìWà ju bí ẹ ṣe fẹ́ gbà lọ. Bí mo bá rí HJ61 odindi tí wọ́n fẹ́ fọ́, n kò ní wo Isuzu lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé 12H-T tó ṣì dára kì í pẹ́ nílẹ̀, ẹni tó bá ní in mọ ohun tó ní. 2H ní tiẹ̀ kò ní tọ́bò, bó o bá ń kẹ́rù gun òkè á máa rìn bí ẹni tí kò fẹ́ débẹ̀.

Láàárín méjì tí Jíìpù60 béèrè, 4BD1T ni èmi máa mú. Gíá ni wọ́n fi ń yí káàmù rẹ̀, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, kì í ṣe bẹ́líìtì. Pọ́ńpù epo oríṣi inline ló ní, èyí tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń ràn lọ́wọ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ bínú sí epo tí kò dára bíi VE tó jẹ́ pé dísù nìkan ló ń fi òróró sí i nínú. Kì í tún ṣe ìdánwò tuntun: ní Ọsirélíà, Land Rover 110 jáde pẹ̀lú 4BD1 tí kò ní tọ́bò, àwọn ọmọ ogun ibẹ̀ sì fi í rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní Perentie.

4BT náà dára, n kò bú u. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n. Bó o bá lọ́ra níbi tí iná ìdádúró wà, dígí ẹ̀gbẹ́ á máa fi ohun gbogbo hàn ọ́ ní méjì-méjì.

Dísùlọba

Síìtì ẹ́ńjìnnì rọ́bà rírọ̀ ló ń wo ìyẹn sàn. Àwọn tó fi síìtì líle sí i ni wọ́n ń sọ pé ó ń gbọ̀n.

Ẹsẹ̀Mẹ́rin

Ó ń dín in kù, kò wò ó sàn. Àti pé bí síìtì bá rọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa jó, ó sì gbọ́dọ̀ ní àyè ijó náà: láàárín fáànù àti rédíétọ̀, láàárín páìpù èéfín àti ṣáàsí, lórí gbogbo họ́ọ̀sì. Fi páìpù rírọ̀ tó ń tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ tọ́bò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ páìpù èéfín á là.

Nígbà tí a sì ń sọ̀rọ̀ 4BT, ẹni tó bá rà á kó ṣí iwájú rẹ̀ wò. Píìnì kékeré kan wà tó ń fi àpótí gíá tàìmíìn sípò; nínú ìdílé ẹ́ńjìnnì Cummins B-series àtijọ́, 4BT àti 6BT, ìgbọ̀nrìrì lè tì í jáde díẹ̀díẹ̀ títí á fi já sáàárín àwọn gíá. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan tí wọ́n fi bóòtù dè lé e lórí ló ń dá a dúró. Iṣẹ́ kékeré ni nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà nílẹ̀.

Jíìpù60

Ṣé H42 tàbí H55F á lè gba agbára yẹn? Mo gbọ́ pé dísù máa ń fọ́ àpótí gíá.

ÀgbàSípánà

Iye Nm nìkan kọ́ ló ń fọ́ gíá. Ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́rin máa ń ta gíá nípàá lẹ́ẹ̀mejì péré nínú ìyípo kan. Oní-mẹ́fà máa ń ta á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà àwo kílọ́ọ̀ṣì tó ní sípíríǹgì láàárín ni kó o lò, èyí tó lè gba ìkọlù náà mọ́ra. Àwo líle tí wọ́n fi ń sáré ìdíje kò dára níbí. Má sì fi gíá karùn-ún fa òkè pẹ̀lú ẹrù ní ìyípo 1,200 torí pé ẹ́ńjìnnì náà gbà. Ẹ́ńjìnnì á gbà. Béárìn inú gíá ni kò ní gbà. H55F tí a bá lò báyìí, tí wọn kò fọwọ́ kan pọ́ńpù láti fi epo kún un, máa ń pẹ́.

Ohun tó ń pa àpótí gíá nínú iṣẹ́ yìí jù ni páálí àsopọ̀ tí kò wà láàárín gbùngbùn. Ilé kílọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ jókòó kí àárín rẹ̀ àti àárín kíráńkì, ọ̀pá tí písítìnnì ń yí, bára mu. Gbé dáyà, agogo ìwọ̀n yẹn, sórí fúláíwíìlì, fi ọwọ́ yí kíráńkì, kí o sì kà á yípo ihò náà. Bí àárín méjèèjì bá fi ju nǹkan bíi mìlímítà 0.13 lọ síra wọn, tún un ṣe kó o tó di í. Bí o bá fojú fo ibẹ̀, ṣáfútù gíá á máa tẹ̀ síwá sẹ́yìn ní gbogbo ìyípo, béárìn kékeré ìdí kíráńkì á jẹ, èdìdì ọ́ìlì á tẹ̀ lé e, gíá á sì máa yọ fúnra rẹ̀. Wẹ́dà kò lè fi ojú wọn èyí. Bí ẹni tó fẹ́ bá ọ ṣe páálí náà kò bá ní dáyà, wá ẹlòmíràn.

Bíréèkì_Ló_Ṣáájú

Ó ṣe mí ní kàyéfì pé a ti dé ibí tí ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ bíréèkì.

Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ní lábalábá tó ń sé afẹ́fẹ́ mọ́, ìyẹn ló ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú búsítà bíréèkì tí ẹsẹ̀ rẹ fi ń fúyẹ́. Dísù tí à ń sọ yìí kò ní lábalábá kankan. Kò sí ohun tó ń fa afẹ́fẹ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó o bá wa jíìpù yẹn jáde, ẹsẹ̀ rẹ nìkan ni búsítà. Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́, pọ́ńpù afẹ́fẹ́ tó máa ń wà nídìí ọ́tánétọ̀ ọ̀pọ̀ dísù; bí èyí tó wà lára ẹ́ńjìnnì rẹ bá ní in, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Wo họ́ọ̀sì ọ́ìlì tó ń lọ síbẹ̀ àti èyí tó ń bọ̀ wá sí sómpù, agbada ọ́ìlì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Èkejì, búsítà tó ń lo ọ́ìlì pọ́ńpù sitiárìn. Ó lágbára gan-an, ṣùgbọ́n ó tún fẹ́ páìpù púpọ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ FJ60, afẹ́fẹ́ yìí kan náà ló ń ti fóòkù tó ń mú ẹsẹ̀ iwájú ṣiṣẹ́ nínú àpótí ìpín agbára. Bí kò bá sí afẹ́fẹ́ fífà, o ti sọ ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin di ẹlẹ́sẹ̀ méjì, o kò sì ní mọ̀ àfi ìgbà tó o bá rì sínú ẹrẹ̀.

Nípa ìwúwo: 4BT fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 340. 2F náà wúwo, irin dídà ni látòkè délẹ̀, ìyàtọ̀ kò pọ̀ tó bí àwọn èèyàn ṣe ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n fi intercooler (èyí tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù), rédíétọ̀ ńlá àti bátìrì kejì kún un, sípíríǹgì iwájú tó ti dàgbà á tẹ̀. Bó bá tẹ̀, ákísù iwájú á sún mọ́ sómpù.

Ẹsẹ̀Mẹ́rin

Sómpù yẹn gan-an ni kó o fi téèpù wọ̀n. Ákísù odindi ló wà níwájú jíìpù yìí, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Sómpù ẹ́ńjìnnì akẹ́rù pé oríṣi: òmíràn jìn níwájú, òmíràn jìn lẹ́yìn. Yọ sípíríǹgì kan, fi jáàkì gbé ákísù títí rọ́bà ìdádúró á fi kan ṣáàsí, kó o wá wo iye àyè tó kù láàárín dífù àti sómpù. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì wà lórí ìdúró onígi ni kó o ṣe é, kì í ṣe ìgbà tó o ti jó síìtì mọ́ ṣáàsí.

Kó o sì gbé ẹ́ńjìnnì síbi tí àpótí gíá á fi wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Bí gíá kò bá sún, ṣáfútù méjèèjì kò ní fẹ́ gígé.

Dísùlọba

Táńkì náà o. Bẹntiróòlù tó bá ṣẹ́kù síbẹ̀ á pa pọ́ńpù, torí dísù ló ń fi òróró sí i nínú. Yọ ọ́, fọ̀ ọ́, jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Dísù ń fẹ́ páìpù tó ń dá epo padà sí táńkì, èyí tó tóbi ju ti bẹntiróòlù lọ, nítorí èyí tó ń padà pọ̀ ju ohun tí ẹ́ńjìnnì jó lọ. Fílítà tó ń yọ omi, fi sí ibi tí ọwọ́ rẹ á tó o. Gééjì epo rẹ á máa ṣiṣẹ́ bó ṣe wà.

Fi gééjì ìgbóná èéfín sí i, kí ẹnu rẹ̀ wọ inú páìpù kí èéfín tó dé tọ́bò. Bó bá ń dúró lókè 700°C tó o ń gun òkè, gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹni tó bá yí síkúrù pọ́ńpù láti fi epo kún un láìní gééjì yìí ń fi písítìnnì rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

2FṢìWà

Kí ẹ má gbàgbé ìwé ọkọ̀. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti irú epo ló wà nínú ìwé, o gbọ́dọ̀ yí méjèèjì padà. Níbòmíràn wọn kì í gba ẹ́ńjìnnì tó dàgbà ju ọkọ̀ lọ, tàbí kí wọ́n ní kí ẹnjiníà fọwọ́ sí i. Lọ béèrè kí o tó yọ bóòtù kan. Mo ṣì dúró lórí 2F o, ẹ má rò pé ẹ ti yí mi lọ́kàn padà.

Jíìpù60

Mo ti lọ fi téèpù wọ̀n ọ́n. Sómpù 4BD1T yẹn jìn lẹ́yìn, ibi pẹlẹbẹ rẹ̀ ló bọ́ sórí ákísù. Pọ́ńpù afẹ́fẹ́ wà nídìí ọ́tánétọ̀. Mo ti rí ẹni tó ní H55F, òun ni mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí bàbá ṣe wí. Nítorí náà Isuzu ni, Dísùlọba ẹ má bínú.

Ìṣòro kan: fóltì 24 ni sítátà àti ọ́tánétọ̀ rẹ̀. Jíìpù mi jẹ́ 12. Mi ò sì rí ibi tí wọ́n ti ń pa á.

Dísùlọba

Inú kò bí mi. Ẹ máa gbádùn ẹ́ńjìnnì tí kò lè gbọn dígí.

WáyàOlóòótọ́

Mo ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yìí. NPR jáde ní fóltì 12 fún àwọn ibì kan àti 24 fún ibòmíràn, nítorí náà sítátà àti ọ́tánétọ̀ oní-12 wà fún ẹ́ńjìnnì yìí. Yí méjèèjì padà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ so bátìrì méjì pọ̀ di 24 kí ó wá máa gé 12 láti àárín wọn. Bátìrì kan á máa kún jù, èkejì á máa kú. Ṣọ́ra pé ọ́tánétọ̀ oní-12 tó o máa rà náà ní pọ́ńpù afẹ́fẹ́ nídìí, kí o má baà padà sí ìbéèrè bíréèkì.

Pípa rẹ̀: kò sí ploọ́gì tí a ń pa iná rẹ̀, epo la máa ń sé. Lórí ọ̀pọ̀ pọ́ńpù inline, apá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó jẹ́ pé bó o bá fà á, epo á dúró. Nínú akẹ́rù, mọ́tò kékeré tàbí wáyà irin ló ń fà á. Mọ́tò oní-24 kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa lórí 12. Fi wáyà irin sí i, kó wá sí ẹ̀gbẹ́ sitiárìn, kò ní já ọ kulẹ̀. Ní páálí irin pẹlẹbẹ kan nítòsí tó lè bo ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ní ọjọ́ tó o bá kọ́kọ́ tan án: bí èdìdì tọ́bò bá ti bàjẹ́, ẹ́ńjìnnì lè máa mu ọ́ìlì ara rẹ̀ kó sì máa sáré sí i lẹ́yìn tó o ti sé epo. Má fi ọwọ́ bo ó.

Gééjì ìyípo inú dáṣíbọ́ọ̀dù ń ka iná láti kọ́ìlì, kọ́ìlì sì ti lọ. Wo ẹ̀yìn ọ́tánétọ̀ tuntun, wá ẹnu tí wọ́n kọ W sí. Ibẹ̀ ni gééjì dísù ti ń kà á. Ra gééjì tó ṣeé tún ṣètò, nítorí ìwọ̀n púlì ọ́tánétọ̀ ló ń sọ iye tó máa kà.

Kí o tó san owó sítátà, ka iye eyín orí ti àtijọ́, wọn ihò bóòtù rẹ̀ pẹ̀lú, kí o ya fọ́tò méjèèjì wá síbí.